Ọ̀sẹ̀ Tí Àǹtí Kì Í Dáhùn

Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan fẹ́ fi dógò ní báńkì, kó lè rówó ra ẹ̀rọ ìlagi. Èlé orí owó náà kì í dúró lójú kan. Tí báńkì àpapọ̀ bá fi kún un pẹ́nrẹ́n, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn.

Àmọ́ ó sáà ní baba nígbẹ̀ẹ́jọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Àǹtí, wà nínú ìgbìmọ̀ báńkì àpapọ̀ tó ń pinnu èlé. Bí gbogbo èèyàn bá ń yáwó, tí owó pọ̀ nílùú, tí ọjà ń gbówó lórí, wọn a fi kún èlé. Bí iṣẹ́ bá kú, wọn a dín in. Tí ìpàdé bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kankan nípa èlé.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí yà kí i.

"Àǹtí mi, ṣé kí n yá a?"

Àǹtí ò fọhùn. Ó jókòó lórí àga tí wọn ò tíì kùn, ó ń wo òdìkejì títì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn aránṣọ pa, wọ́n ti ti jórinjórin náà pa.

"Àwọn yẹn ńkọ́?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ pé iṣẹ́ ti kú lọ́dọ̀ wọn, kó má baà dà bí ẹni tó fẹ́ dá nìkan kó sódò. "Báńkì ni wọ́n wà! Gbogbo àdúgbò ló ń yáwó, Àǹtí. Èmi nìkan ló kù."

Àǹtí mi orí, ó dìde, ó lọ.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá léwu, ṣé Àǹtí ò ní tiẹ̀ fajú ro ni? Gbẹ́nàgbẹ́nà tọwọ́ bọ̀wé báńkì lọ́jọ́ kejì.

Rédíò ló sọ ọ́: èlé ti lọ sókè. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tú ká, tí báńkì fi àgádágodo tiwọn sẹ́nu ọ̀nà. Inú bí i débi pé kò tiẹ̀ kí Àǹtí nígbà tó délé rẹ̀.

"Ẹ jókòó lórí àga mi, ẹ ń wò mí! Ẹ mọ̀, ẹ dákẹ́!"

"Mi ò mọ̀," ni Àǹtí wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ìdajì àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀ ní ká fi kún un, ìdajì ní ká dín in. Ìbò tèmi ló kù."

"Ẹ wá dìbò láti pa mí?"

"Mo ti fẹ́ kí wọ́n dín in, torí mo gbà pé iṣẹ́ ti kú nílùú, àfìgbà tí ìwọ, tí o kì í parọ́ fún mi, sọ fún mi pé báńkì ni gbogbo àdúgbò yín wà."