Erè So Ihò Méjì Di Ọ̀kan

Àlọ́ mi ò lọ jìnnà: ó dá lé Erè, ó dá lé Erin adájọ́.

Ihò Erè ṣófo, ihò Òkété tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kún fún ẹ̀lírí ayálégbé. Erè ra ti Òkété, ó fẹ́ dá méjèèjì lu kó di ọ̀kan, ó sì lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ Erin.

Erin ní, "Mo gbà, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ lé ẹ̀lírí kankan jáde. Láràárọ̀, n ó máa dá orin lẹ́nu ihò, kí wọ́n máa gbè é, kí n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà ńbẹ̀."

Ìyá Ẹ̀lírí bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọjú wo inú ilé."

Erin ní, "Ẹnu ihò ò gbà mí. Etí mi tó."

Ta ló ń gbébẹ̀ o?
*Àwa ni, kínrin-jìn.*
Ṣé ó lé yín o?
*Kò lé wa, kínrin-jìn.*

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ègbè náà ròkè lálá. Nígbà tó yá, ó fẹ́lẹ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, ohùn kan ṣoṣo ló kù, ó wúwo bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó: "Àwa ni, kínrin-jìn."

Erin mi orí, ó ní, "Erè mà pa àdéhùn mọ́ o."

Lóòótọ́ ni. Ẹ̀lírí kankan ò jáde.

Ẹni tí ẹnu ihò ò gbà, ẹ má fi í ṣọ́ inú ihò.