Ìyọ̀ǹda fún Ìlà Mẹ́rin

Olóòtú kò fepo boyọ̀ rárá. Ìlà mẹ́rin tí òǹkọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, ti akéwì kan tó ti di olóògbé ni. Bí opó akéwì náà kò bá fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé ìtẹ̀wé kò ní tẹ ìwé ọ̀hún mọ́. Àkọlé rẹ̀ ni Bí A Ṣe Ń Mọ Ènìyàn Láìbéèrè.

Òǹkọ̀wé wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn ìwé ewì akéwì náà, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí òǹkọ̀wé wò ó, ó ti rí ìbànújẹ́ opó lójú rẹ̀.

"Ẹ kú àfẹ́kù bàbá, mà."

Ìyá la ẹnu láti fèsì.

"Ẹ má sọ ọ́, mà. Ojú yín ti sọ ọ́ tán."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wá béèrè bóyá ó mọ̀ nípa páìpù omi tó ń jò. Òǹkọ̀wé bọ́ kóòtù. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a ti kọ́bọ́ọ̀dù láti yàrá kan sí èkejì, ìyá sì ní kó dá a padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun òrùlé lọ kó ewé gbígbẹ. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá kò mẹ́nu ba ewì. Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè ibi tí bàbá máa ń jókòó sí kọ̀wé.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni."

Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀fẹ̀ bàbá ti ran ìyá. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ó dùn," ni ìyá wí. "Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n."

Òǹkọ̀wé nu ojú rẹ̀, ó na ìwé ìyọ̀ǹda sí i.

"Orúkọ mi nìkan lo fẹ́ kí n kọ síbẹ̀, ọmọ mi?"

"Orúkọ yín nìkan ti tó, mà."

Ìyá kọ ọ́. Òǹkọ̀wé ká ìwé náà láìwò ó, ó sáré gba ilé ìtẹ̀wé lọ.

Ìyá ti ilẹ̀kùn, ó pe onílé rẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ń wá yín kiri o, nítorí ewì ọkọ yín, bó bá padà wá, màá jẹ́ kó kọ́kọ́ kun yàrá kí n tó júwe ibi tí ẹ kó lọ fún un."