Ó Gé Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Kù ní Kóòtù, Ara Ò Gbà

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o. Ẹ kà á tán, kí inú tó ń bí mi lè bí ẹ̀yin náà.

Lọ́dún 1962, ilé-iṣẹ́ kan létí omi Apápá ń wá ẹni tí yóò máa wa kéréènì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún. Ìbídàpọ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ó gba kóòtù lọ, ó gbé Bíbélì sókè, ó búra pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì lòun. Ọdún méjìlá ló gé dànù bí ẹni gé èékánná! Wọ́n gbà á síṣẹ́, wọ́n sì fún un nílé.

Ká tiẹ̀ gbà pé àìríṣẹ́ ló sún un débẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ni pé òun fúnra rẹ̀ gba irọ́ náà gbọ́.

Ní 1965, ìyàwó rẹ̀ Dorothy, tó ń ránṣọ, bá a sọ̀rọ̀. "Bàbá Kọ̀yà, wọ́n ń ta ilẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, ká rà á. Ilé yìí kì í ṣe tiwa."

Ìbídàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Nínú àbàtà yẹn? Fara balẹ̀ jàre. Ó ṣì ku ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó fẹ̀yìn tì."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ta ni? Tiyín àbí ti kóòtù?"

Ó bínú jáde. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ilé ọtí ní Ìjọ́ra ló ń lọ, á ra bíà fún tẹrú-tọmọ. Ovie, tí wọ́n jọ ń wa kéréènì, ló ra ilẹ̀ ọ̀hún. Ó kìlọ̀ fún un: "Ọ̀gá, body no sabi court o, ara ò mọ kóòtù. Ẹ tọ́jú owó." Ìbídàpọ̀ pè é ní ahun.

Nígbà tó di 1975, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó já ẹrù lu ọkọ̀ akẹ́rù, díẹ̀ ló kù kó pa awakọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, kó sì kó jáde nílé wọn. Ó lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì.

Akọ̀wé ní, "Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ búra pé ẹ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá pé márùndínlọ́gọ́ta, ẹ padà wá."

"Ṣùgbọ́n mo ti lé..." Ó rántí pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lòun, ó sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Tó bá sọ òtítọ́ pé òun búra èké, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Ilé ta ni wọ́n kó lọ? Ilé Ovie! Lórí ilẹ̀ tí Dorothy fọwọ́ hàn án! Owó ìránṣọ obìnrin yìí ni wọ́n fi ń san owó yàrá kan ṣoṣo.

"Ìyá Kọ̀yà, dárí jì mí."

"Ẹ jẹun ná." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí omijé òun.

Ìbídàpọ̀ kú ní 1979. Dorothy lọ sí ilé-iṣẹ́ náà bóyá wọ́n á fún òun ní nǹkan. Ọ̀gá ibẹ̀ mi orí. "Kò tíì tó ẹni tó ń gbowó, Màmá. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta! Ó mà ṣe o, kékeré ló kú."

Dorothy dìde, ó jáde níbẹ̀. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, tòun ti ewú orí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé ọjọ́ orí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná owó oṣù tán bí ẹni pé ogbó ò ní dé, ẹ gbọ́ o! Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú nǹkan nígbà tí apá ṣì lágbára. Ìyàwó tó ní kẹ́ ẹ ra ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.