Kí Rédíò Tó Dárúkọ Ẹgbẹ́

Láràárọ̀, bí èmi àti Bọ̀ọ̀dá Akínwándé, ẹ̀gbọ́n mi, bá ti ń mu ògì ní Houston níbí, rédíò á ka ìròyìn kan fún wa. Kò ní sọ ẹni tó hùwà náà tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ títí a ó fi dáhùn: ṣé ó dáa, àbí kò dáa? Bí òfin tuntun ṣe wí nìyẹn: kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ìwà, kó tó mọ ẹni tó hù ú.

Níjẹta, a jọ bá ẹnì kan wí pé ó purọ́. Bí Bọ̀ọ̀dá ṣe gbọ́ pé ẹgbẹ́ tiwọn ni, kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí fún un. Lánàá, ó kàn mí. Gómìnà kan gbé iṣẹ́ ìjọba fún àna rẹ̀, àwa méjèèjì ní kò dáa; nígbà tó hàn pé ẹgbẹ́ tèmi ni, mo ní ṣebí àna náà kúkú mọ iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo ní irú wọn ló ta àwa aláwọ̀ dúdú. Bọ̀ọ̀dá ní èmi ńkọ́, tí ẹgbẹ́ mi fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán rà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti jẹun alẹ́.

Lónìí, rédíò ní aṣòfin kan gbé fídíò kan pamọ́, níbi tí ọlọ́pàá ti ń lu ọmọ aláwọ̀ dúdú kan.

Bọ̀ọ̀dá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kò dáa."

"Kò dáa rárá," lèmi náà wí.

Bí rédíò ṣe fẹ́ dárúkọ ẹgbẹ́, Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́, wọ́n sì pa rédíò náà.

"Àbúrò mi," ni wọ́n wí, "jẹ́ ká mu ògì yìí tán ná."