Oògùn Kòkó Nínú Àpò Ẹ̀wà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà nílé, tàbí ẹni tí aáyán àti ìdun ń yọ lẹ́nu, òun gan-an ni mo ń bá wí.

1.
Ní ọdún Sáàpù, nígbà tí nǹkan wọ́n gógó, tí ẹlòmíràn ń mu gààrí láàárọ̀ tó tún ń mu ún lálẹ́, àgbẹ̀ kòkó kan wà ní Bọ́lọ́rundúró, lẹ́bàá Oǹdó. Ọlọ́runníyì ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá di ká fín oògùn sí kòkó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan fún òun. Tó bá fẹ́ ra oògùn, àwòrán orí òkú ara agolo ló máa ń wá. Ó gbà pé èyí tí wọ́n bá ya orí òkú sí ni ojúlówó.

Lọ́dún náà, ó fi gbogbo owó kòkó rẹ̀ ra àpò ẹ̀wà méjì. Ó ní òun kò ní tà á àfi tó bá tún wọ́n sí i. Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ̀. Kò pẹ́ tí kòkòrò fi wọ inú àpò.

"Bàbá Moríyọ̀, ẹ jẹ́ kí n sá a sóòrùn," Ìbídùnní wí. "N ó fẹ́ ẹ, n ó wá da ata gbígbẹ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe é."

"Ata? Ọbẹ̀ lo fẹ́ sè fún kòkòrò ni?"

"Ó ń lé wọn, ẹ gbà mí gbọ́."

"Èmi tí mo ń pa kòkòrò orí igi kòkó láti kékeré, ṣé ti inú ẹ̀wà ni yóò wá fi mí ṣẹ̀sín?"

2.
Lọ́jọ́ tí Ìbídùnní lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ̀ po oògùn kòkó pọ̀ mọ́ omi nínú agolo mílíìkì, ó wọ́n ọn sínú àpò méjèèjì, ó rò ó pọ̀, ó sì rán ẹnu wọn padà. Kòkòrò kú pátápátá. Inú rẹ̀ dùn. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí kò fẹ́ ẹjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀wà ti tún wọ́n sí i, ó fi ẹ̀wà náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, Bọ́sẹ̀, tó ń ta oúnjẹ tútù ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Ohun tí Ọlọ́runníyì náà kò mọ̀ ni pé Ìbídùnní ti tú ẹnu àpò kan, ó ti bu kọ́ńgò kan pamọ́, ó sì ti rán an padà. Ebi ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ebi kò jẹ́ kó bìkítà fún òórùn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àpò lọ ni ó se ẹ̀wà náà. Ó ní kí òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí Moríyọ̀ ọmọ wọn tó ti ilé ìwé dé. Nígbà tí Ọlọ́runníyì máa fi wọlé, ó bá a nílẹ̀, ó ń bì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ má bínú," Ìbídùnní ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo bu díẹ̀ nínú ẹ̀wà yín. Ẹ má bínú sí mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹni tó jẹ májèlé ló ń bẹ ẹni tó fi í síbẹ̀.

3.
Àwọn ará ilé gbé epo pupa wá, wọ́n ní kó mu ún. Adélaní awakọ̀, tó máa ń kó kòkó lọ sí Oǹdó, ló jágbe mọ́ wọn: "Ẹ gbé epo yẹn kúrò níbẹ̀! Ọsíbítù ni!"

Ní ọsíbítù, nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Bàbá, kí ni ìyá jẹ?"

"Ẹ̀wà ni."

"Ẹ̀wà lásán kì í ṣe èèyàn báyìí. Ẹ sọ òótọ́, ká lè mọ ohun tí a máa tọ́jú."

Ojú ń tì í. Nígbà tí ara ìyàwó rẹ̀ tún gbọ̀n, ó jẹ́wọ́: "Oògùn kòkó ni mo fi sí i."

"Ṣé ẹ ò rí orí òkú lára agolo ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé wọ́n ń fi yangàn pé oògùn àwọn dára ni."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Kò bú u. Ó kàn ní, "Ta ló tún máa jẹ nínú ẹ̀wà yẹn, Bàbá?"

Ọlọ́runníyì fò dìde. Ọjà Ọba!

4.
Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Nígbà tó dé ọjà, Bọ́sẹ̀ ń wọn àgbàdo fún oníbàárà kan.

"Bọ́sẹ̀! Má tà á! Má tà á o!"

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ kò tiẹ̀ kí èèyàn. Àgbàdo náà ni n kò gbọdọ̀ tà?"

"Ẹ̀wà tí mo fi ránṣẹ́!"

"Òun nìyẹn lábẹ́ tábìlì. Mo tú u, òórùn rẹ̀ gbá mi nímú. Òkú kòkòrò ló kún un. Mo ní, ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ tó kú, ṣé èmi ni n ó wá wọ̀n ọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ọlọ́runníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò rẹ̀ láàárín ọjà. Bọ́sẹ̀ ń fà á lápá, ó ń ké pé, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣépè fún mi!" Kò tètè dìde.

Wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn, wọ́n bo ẹ̀wà náà mọ́lẹ̀, níbi tó jìnnà sódò. Gbogbo owó kòkó ọdún kan ló wọlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Moríyọ̀ jókòó sílé fún ọdún kan, kò rí owó ilé ìwé. Ìbídùnní lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsíbítù. Títí di òní, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá fẹ́ fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó yè. Ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Adélaní tí kò gba owó ọkọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ti Bọ́sẹ̀ ló pọ̀ jù: kò sí ilé kan ní Àkúrẹ́ tó sunkún nítorí ẹ̀wà yẹn.

Ẹ gbọ́ o. Oògùn oko kì í ṣe oògùn ilé. Ẹ má fín in sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìdun: oòrùn àti omi gbígbóná wà. Ẹ má dà á sí ẹ̀wà: ata gbígbẹ wà. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé tí kòkòrò ń jẹ, ẹ ku eérú sí i. Ẹ má rọ oògùn sínú agolo tí ẹnu ń kàn. Tí ẹ kò bá lè ka ohun tó wà lára rẹ̀, ẹ fún ẹni tó lè kà á, ìbáà ṣe ọmọ yín. Tí ìyàwó yín bá sì sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.