Bátìrì Tí Wọ́n Ní Kò Fẹ́ Ìtọ́jú

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìlàjì. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí irú bátìrì tí mo fẹ́ sọ yìí lè wà nínú ilé yín báyìí.

1.

Nígbà tí Delbert fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tírélà, òun àti Nadine ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn ní Nebraska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ra mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti balùwẹ̀ nínú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Mọ́tò yẹn nìkan nilé wọn. Nadine ò lè wà á, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á, Delbert nìkan ló ń wà á. Bí òtútù bá ti dé, wọ́n á wá sí aṣálẹ̀ Arizona, níbi tí àwa yòókù tó ń gbé inú mọ́tò náà máa ń páàkì sí.

Bátìrì mẹ́rin lábẹ́ àkàbà ẹnu ọ̀nà ló ń gbé iná ilé náà. Ọdún mọ́kànlá ni Delbert fi ń bu omi sí wọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á tan jẹnẹrétọ̀, á tẹ bọ́tìnì kan lára ṣájà kí iná tó le wọ bátìrì, kí omi inú wọn hó, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Bí wọ́n ṣe ń ṣe bátìrì olómi nìyẹn, kò burú.

Nígbà tó yá, orúnkún ò jẹ́ kó lè lóṣòó mọ́. Ló bá ra mẹ́rin tuntun, irú èyí tí wọ́n dé pa, tí a kì í bu omi sí. Wọ́n kọ ọ́ sára wọn pé kò fẹ́ ìtọ́jú.

Ọmọkùnrin tó tà á fún un sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ yí ṣájà yín sí ti bátìrì adépa o. Ẹ má sì sè é bí ẹ ṣe ń se ti àtijọ́."

"Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fọwọ́ kan bátìrì."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Nadine bi í pé, "Kí ló ní ká ṣe sí ṣájà?"

"Kò ní ká ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀, kò fẹ́ ìtọ́jú. Àbí o fẹ́ kí n máa kọrin fún un ni?"

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, Nadine ń din ẹyin, ó gbóòórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó fọ́ gbogbo ẹyin tó kù wò, kò sí èyí tó bàjẹ́. Kò pẹ́ ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí gáàsì bá ń jò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ sì mọ̀ pé òórùn gáàsì náà ò jìnnà sí ti ẹyin tó bàjẹ́.

"Gáàsì ni," ni Delbert wí. Ó ti gáàsì, òórùn ò lọ. Ó fi ọṣẹ ra gbogbo páìpù, kò sí ibi tó hó. Ó pa jẹnẹrétọ̀ kó lè tẹ́tí sí ibi tó ti ń jò, òórùn bá dínkù. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti ká a mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tan jẹnẹrétọ̀, òórùn tún dé.

Ọ̀rọ̀ náà wá rú wọn lójú. Wọ́n gbé sílíńdà gáàsì jáde pátápátá, wọ́n gbé e sábẹ́ igi, síbẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ń ké.

Nadine ní, "Gáàsì tí kò sí nínú ilé, báwo ló ṣe ń rùn?"

"Ó ti wọ kápẹ́ẹ̀tì." Delbert ká kápẹ́ẹ̀tì. "Á jẹ́ pé kọ́tìnì ló wọ̀." Nadine fọ kọ́tìnì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ruthanne, opó tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bá Nadine níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà tútù nínú agolo.

"Nadine, ṣé ò ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ààwẹ̀ gáàsì ni."

"Del, ṣé kì í ṣe bátìrì yín? Ti ọkọ mi rùn báyìí nígbà kan."

Delbert rẹ́rìn-ín. "Bátìrì tí wọ́n dé pa, ibo lòórùn fẹ́ gbà jáde? Ọkọ ẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò mọ bátìrì yàtọ̀ sí búrẹ́dì."

"Ó kéré tán, a máa ń jẹ oúnjẹ gbígbóná."

Iná náà ò tún dúró mọ́. Delbert rò pé ebi ló ń pa bátìrì, ló bá ń tẹ bọ́tìnì iná líle yẹn lójoojúmọ́. Ẹ ò rí nǹkan: Nadine ò dáná mọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń hó lábẹ́ àkàbà.

3.

Wọ́n pe ẹni tó ń tún gáàsì ṣe. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. "Bàbá, gáàsì yín ò jò."

"Kí ló wá ń rùn?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan àkàbà, ó yára yọ ọ́. "Bátìrì yín ni. Iná ti pọ̀ jù fún un, ohun tó ń tú jáde lára rẹ̀ ló ń mú ẹ̀rọ yín ké. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má fọwọ́ kàn án lónìí o." Ó lọ mú ibọ̀wọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ojú ti Delbert. Ó ṣí àkàbà. Ọ̀kan nínú bátìrì náà ti wú bí ìrọ̀rí.

"Del, ó ní ká pa jẹnẹrétọ̀ ná," ni Nadine wí.

"Mo kàn fẹ́ tú wáyà yìí ni."

Sípánà kan irin, iná ṣẹ́ yọ, bátìrì náà bú gbàù. Ásíìdì dà sí i lójú. Gbogbo omi mímu tó wà nínú ilé ni Nadine dà sí i lójú, Ruthanne fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ojú ọ̀tún fọ́ pátápátá. Òjìji lásán ni ti òsì ń rí.

Ta ló máa wa mọ́tò náà? Ó dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi rà á ní ọ̀pọ̀. Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé báyìí. Mo pe Nadine láìpẹ́ yìí, mo béèrè ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ó ṣì ń sọ pé gáàsì ni. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Láàárọ̀ yìí ó ní kí n lọ gbóòórùn sítóòfù ọmọ wa wò. Mo lọ gbóòórùn ẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo bátìrì sólà àti ínfátà, mo bẹ̀ yín. "Kò fẹ́ ìtọ́jú" túmọ̀ sí pé kò fẹ́ omi, kì í ṣe pé kò fẹ́ làákàyè. Ẹ béèrè bóyá ṣájà yín bá a mu. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ pa ohun tó ń fún un níná, ẹ bọ́ síta, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọlọ́run á pa ojú wa mọ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.