Ohùn Inú Àwo Jídé

Àwa mẹ́jọ la bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ Jídé ní Àgùdà, bí ẹni fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

Àwo orin rọ́ọ̀kì kan la ń bọ níbẹ̀. Ọdún 1972 ló jáde, Èkó ò kà á sí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tá a mọ̀ ló wà lọ́wọ́ Jídé.

Ilé-iṣẹ́ àwo orin kan fẹ́ tún un tẹ̀ jáde. Wọ́n ní ká wá orúkọ akọrin, nítorí kò sí lára páálí rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ti Mushin wá, Sìmíátù lorúkọ rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ bá mi fi orúkọ mi sí i kí n tó kú."

Jídé gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Ohùn ọkùnrin ló jáde, ó nípọn, ó ń rọra rìn bí ọba tó yó.

A bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ilé lẹ gbàgbé irùngbọ̀n yín sí ni?" ọ̀kan nínú wa bi í.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yín ló ń falẹ̀. Bẹ́líìtì tó ń yí i ti dẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ mi."

"Ẹ̀rọ orin nìyí, màmá, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta," Jídé dá a lóhùn.

Màmá ṣa bàtà rẹ̀ láàárín tiwa, ó lọ. A fi orúkọ onígìtá inú àwo náà, tó ti kú, ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tún un tẹ̀.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì Jídé, mo ń wá ohun tí n ó fi ṣí ìgò. Bẹ́líìtì tuntun kan wà níbẹ̀, wọ́n ti tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀.

"Mo fi sí i lọ́dún tó kọjá," Jídé rọra wí. "Obìnrin ló ń kọrin. Ohùn rẹ̀ ò jinlẹ̀, mo bá yọ ọ́ kúrò."

Mo ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

"Fi èyí tó dẹ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," mo ní. "Tún gbé orin náà sí i."